Ìkíni Ìyá Aláwọ̀n sí Ọkọ Mosún

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí agogo méje òwúrọ̀ lù nígbà tí ẹ̀gbà ọwọ́ Àrìnpé gbọ̀n, tí ó sì sọ̀rọ̀. "Múra sílẹ̀. Wákàtí ìdákẹ́ ti dé tán."

Àrìnpé sáré. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀kọ wà nínú ìkòkò, pé oògùn ojú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, pé kí wọ́n má jáde sí etí ògiri títí òun yóò fi dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ pé ó dàbọ̀ ni agogo lù. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Má wulẹ̀ dààmú, ọmọ mi, mo mọ èyí tó kù," ni Ìyá Aláwọ̀n wí láti orí ẹní, níbi tí ó ti na àwọ̀n tó ya sórí itan. "Orí á bá ọ ṣe é lónìí. Bá mi kí ọkọ Mosún o. Má ṣe gbàgbé."

Ojú ìyá ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ẹni tó bá mi orí sí i, ara rẹ̀ ló mì í fún. Àrìnpé mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni rárá, ẹ̀ẹ̀mejì ni bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ló dá èdè yìí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òfin ti ní kí ọmọ máa pa ẹnu mọ́ láàárọ̀, láti agogo méje sí mẹ́jọ, kí àyà rẹ̀ lè tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ló kàn sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá ti ń rán an ní ìkíni yìí, kò sì tíì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, tí ìyá bá bi í pé, "Ṣé o bá mi kí i?" yóò ní, "Mo bá yín kí i, Màmá." "Kí ló wí?" "Ó ní ẹ ṣé." Ìyá a sì rẹ́rìn-ín músẹ́, a máa bá àwọ̀n rẹ̀ lọ. Kí ni ọmọ fẹ́ ṣe? Ẹni tí wọ́n rán an sí ni olùwọ̀n Ilé Ìtura, ọkùnrin tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má bá sọ̀rọ̀.

Ní ìta, òkun wà lápá ọ̀tún, ìlú wà lápá òsì, ògiri wà láàárín wọn. Bí ẹ bá dúró sórí ògiri yẹn, ẹ ó rí i pé òkun ga ju òrùlé àwọn ilé kan lọ. Ibodè omi kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú Ògiriòkun, Àrìnpé sì ni oníbodè rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé kékeré tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àga ìwọ̀n, tí wọ́n fi ń wo bí àyà ènìyàn ti tutù tó, ti dá a padà lọ́dún yìí, ní ọjọ́ Ẹtì méjì tó kọjá. Òní ni ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Bí àga bá tún sọ pé àyà rẹ̀ gbóná, wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò sì gbé ibodè lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ náà dé láti oṣù tó kọjá. Ó wà nínú páálí ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà wọn, ìyá rẹ̀ sì ń sá ẹja lé e lórí.

Ẹ̀rọ náà á ṣí ibodè ní àkókò, á tì í ní àkókò. Kò bá dára, bí ó bá jẹ́ pé ìgbì òkun máa ń wo aago. Àrìnpé máa ń dúró de ènìyàn. Bí ó bá rí àtùpà ọkọ̀ kan lókèèrè tó ń jà fitafita láti dé, á fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kún un, á fi márùn-ún kún un, ojú rẹ̀ á wà lára omi, ọwọ́ rẹ̀ á wà lára irin. Kò tíì ti ibodè mọ́ ẹnikẹ́ni síta rí. Lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó iṣẹ́ yìí, àyà rẹ̀ sì ń já ní gbogbo ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú páálí yẹn.

Ó gba orí afárá pákó lọ. Baba Jìnádù wà lórí òrùlé rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ń nu àwọn pátákó tí ń gba iná oòrùn. Ó rí Àrìnpé tó ń bọ̀, ó yí ojú sí ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wákàtí ìdákẹ́, Baba kí i látòkè pé, "Àrìnpé, ṣé o jíire?" Ìwé òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá kí ní wákàtí ìdákẹ́, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó kọ ìyẹn, ó dá mi lójú pé kò sí àgbàlagbà kankan ládùúgbò rẹ̀. Ta ni yóò na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tó tó bí i lọ́mọ? Àrìnpé rò ó títí, ó kúkú kúnlẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ka ìkúnlẹ̀ náà sí ìṣubú. Kí ó tó dìde, ó ti ń ké pé, "Ìṣubú! Ìṣubú!" kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn adóòlà fi dé pẹ̀lú ibùsùn àti ìgò afẹ́fẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọjá nísàlẹ̀ òrùlé Baba Jìnádù bí ẹni tí kò rí i. Baba kí i lọ́jọ́ kejì, ó kí i lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, sókè kí Àrìnpé lè gbọ́, pé, "Mo mọ̀ pé òfin ni. Ṣùgbọ́n ojú náà ò lè rẹ́rìn-ín ni?" Gbogbo òwúrọ̀ tí Àrìnpé bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀gbà rẹ̀ a kúrò ní àwọ̀ ewé tí í ṣe ti àyà tútù, a di àwọ̀ ìyeyè. Àrìnpé rò pé ẹ̀rù àga ni.

Ilé Ìtura funfun láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ òwe kan sára ògiri àbáwọlé rẹ̀ gàdàgbà: Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nísàlẹ̀ òwe náà ni wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ òfin sí. Ẹni tí a ń wọ̀n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ó ti kùnà. Olùwọ̀n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìwọ̀n òwúrọ̀ náà ti di òfo, àṣẹ iṣẹ́ tí oníkálukú ti ní tẹ́lẹ̀ á sì dúró títí oṣù mẹ́ta, kí a tó tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ń ka ìlà tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Kí n má parọ́ mọ́ òfin, ó ní ìdí. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Akíngbadé ni oníbodè. Òun àti àbúrò rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń ru, ó sì tẹ irin kí ó tó wo omi. Ibodè pa dé mọ́ ọkọ̀ kan láàárín. Ènìyàn méje ló bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba ti sọ pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá di ẹ̀mí ènìyàn mú lọ́wọ́, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kí wọ́n rí i pé ó tutù. Àrìnpé kò bá wọn jiyàn. Orí ògiri ló wà lọ́jọ́ náà, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mosún wà nínú àwọn méje yẹn. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ọ̀dọ̀ Ìyá Aláwọ̀n ló ti kọ́ àwọ̀n dídì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ṣọ̀bándé ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó lọ kọ́ ìmọ̀ èémí àti ìtura, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ìlú mẹ́rìnlá ló ti kọ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìjọba tó rán an wá sí Ògiriòkun láti wá wọn àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ gééré lójoojúmọ́, ọkọ̀ ìjọba a gbé e lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí i bá sọ̀rọ̀. Òní sì ni ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ níbí.

Ènìyàn mẹ́fà jókòó lórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Kúyè awakọ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ibodè kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé. Òun náà dijú, ó ń fẹ́ èémí fùú fùú bí ẹni ń fẹ́ná. Àrìnpé jókòó tì í, wọn ò wo ara wọn. Ẹni tó bá rí wọn yóò rò pé wọ́n ń bá ara wọn jà.

Wọ́n wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n padà jókòó de agogo mẹ́jọ, ó wá ku Àrìnpé nìkan. Ìlẹ̀kùn ṣí, Ohùn inú ògiri pe nọ́ńbà rẹ̀. Ohùn yìí kì í pe ènìyàn lórúkọ. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n kò sí ìlú kankan tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àga ìwọ̀n rọ̀ bí òwú. Lára ògiri tó wà níwájú rẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tàn: àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ìyeyè láàárín, pupa lókè. Àmì dúdú kékeré kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà náà bí àyà rẹ̀ ti ń ṣe. Kí agogo mẹ́jọ tó lù, àmì náà gbọ́dọ̀ wà lórí àwọ̀ ewé fún odindi ìṣẹ́jú kan. Báyìí, ó wà lórí pupa.

Ṣọ̀bándé jókòó nídìí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò jìnnà tó apá méjì. Bọ́tìnnì méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ẹ̀gbà ti ọwọ́ tirẹ̀ wà lórí àwọ̀ ewé, wọ́n sì ní ọdún mọ́kànlá ni kò fi kúrò níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń wá síbẹ̀ ló ń jowú rẹ̀.

"Fà á sínú," ni Ohùn wí. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mú un dúró títí dé méje. Tú u jáde díẹ̀díẹ̀, títí dé mẹ́jọ."

Ọgbọ́n gidi ni èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí ìjì bá dé, tí irin ibodè ń ké, Àrìnpé fúnra rẹ̀ máa ń mí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró ṣinṣin. Ó mí in lónìí náà. Àmì rọra kúrò lórí pupa.

"Di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì. Jẹ́ kí ó le. Jẹ́ kí ó le sí i. Tú u sílẹ̀. Gbé èjìká méjèèjì dé etí. Tú wọn sílẹ̀."

Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti gbé wọn sókè láti àná. Àmì dé àárín ìyeyè, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

"Di ojú rẹ. Lọ sí ibi tí ó dákẹ́. Odò kan wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Omi náà pa rọ́rọ́."

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì méjèèjì nìyí. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ohùn kì í ṣe ará Ògiriòkun. Níbí, omi tó bá pa rọ́rọ́ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ni à ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ ọkọ̀ yẹn, ariwo kọ́kọ́ sọ, ariwo ńlá, lẹ́yìn náà ni omi pa rọ́rọ́. Àmì fò sókè padà, ó fẹnu kan pupa.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni Ohùn wí. "Ohun kan ń dà ọ́ láàmú. Mú un. Gbé e sórí ewé kan. Fi ewé náà sórí odò. Jẹ́ kí odò gbé e lọ."

Àrìnpé wá inú ara rẹ̀ wò. Ó rò pé páálí ẹ̀rọ ni òun yóò bá níbẹ̀. Kì í ṣe òun. Ohùn ìyá rẹ̀ ló bá níbẹ̀: Bá mi kí ọkọ Mosún o. Ìkíni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó tò jọ bí ẹrù tí kò rí ọkọ̀ wọ̀, òun àti gbogbo irọ́ tó fi bò ó. Ojú Baba Jìnádù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ṣe bí wọ́n ti wí. Ó gbé ìkíni ìyá rẹ̀ sórí ewé. Ó fi ewé sórí omi. Ó tì í díẹ̀, ewé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó la ojú kan wò, ó rí i pé àmì ti dé etí àwọ̀ ewé. Ó ku díẹ̀ báyìí. Bí ó bá lè jẹ́ kí ewé náà lọ pátápátá, ibodè ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa sá ẹja lọ lórí páálí.

Ìgbà náà ni ó rí ọwọ́ Ṣọ̀bándé lórí tábìlì. Apá aṣọ rẹ̀ ti ká sókè. Lábẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, okùn àwọ̀n tín-ín-rín kan wà, aláwọ̀ ewé, ó ti gbó, wọ́n ta á ní kókó. Ọmọ Ìyá Aláwọ̀n ni Àrìnpé, kò sí kókó àwọ̀n tí kò mọ̀ ní Ògiriòkun. Kókó ilé wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ó yí sí òdìkejì. Mosún nìkan ṣoṣo ló ń ta á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni.

Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Ọ̀la, ọkọ̀ ìjọba yóò ti gbé e lọ, ta ni yóò tún bá ìyá kí i? Ó sì rántí ohun tí ìyá máa ń sọ nígbà tí òun wà ní kékeré, tí wọ́n bá rán an sí ilé ẹni tó le, tí kò fẹ́ lọ: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ó ronú kan kọ́kọ́rọ́. Ó ronú kan àwọn àtùpà tó máa ń dúró dè lókèèrè. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó la ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ṣọ̀bándé gbé orí sókè.

"Màmá mi ní kí n kí yín. Ìyá Aláwọ̀n, lókè ibodè. Wọ́n ní kí n kí ọkọ Mosún. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń rán mi lójoojúmọ́, mi ò jíṣẹ́. Ẹ má bínú."

Àmì sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọ̀ ewé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó kà dé mẹ́rin. Ó dúró síbẹ̀, kò mì.

"Ohùn ti jáde lẹ́nu ẹni tí a ń wọ̀n," ni ògiri wí. "Àyà tutù. Ẹnu ti rú òfin. Olùwọ̀n, tẹ pupa."

Ṣọ̀bándé gbé ìka sórí bọ́tìnnì pupa. Kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, tí ó ti wà lórí àwọ̀ ewé láti ọdún mọ́kànlá, di ìyeyè níṣojú Àrìnpé. Ó fa èémí sínú bí ó ti ń kọ́ wọn, ó mú un dúró, ó sì pẹ́ kí ó tó tú u. Nígbà tí ó tú u, ọ̀rọ̀ ló bá a jáde.

"Ṣé wọ́n ṣì ń di àwọ̀n?"

Àrìnpé wo ògiri, ó wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ṣì ń dì í, sà. Ojú wọn ni ò ríran mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó."

"Àwọn ni wọ́n kọ́ ìyàwó mi," ni Ṣọ̀bándé wí. "Wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í, ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ òsì òun ló gbọ́n."

"Màmá mi ṣì máa ń sọ ọ́, sà. Wọ́n ní òun nìkan ló bá àwọn jiyàn tí ó sì borí."

Ṣọ̀bándé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì parí tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbà rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Olùwọ̀n ti sọ̀rọ̀," ni ògiri wí. "Ìwọ̀n òwúrọ̀ yìí ti di òfo. Olùwọ̀n, àyà rẹ gbóná. Fà á sínú. Ọ̀kan, méjì—"

"Dákẹ́ ná," ni Ṣọ̀bándé wí fún un.

Ó fi apá aṣọ nu ojú. "Ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Nílùú tí mo lọ, wọn ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dé ibí, òfin ò jẹ́ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń rí wọn lórí àga gígùn yẹn, àwọn tó bá a jó, àwọn tó bá a jẹun. Wọ́n ń wolẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Èémí dára, ọmọ mi, mi ò ní bú u. Òun ló gbé mi dé òní. Ó jẹ́ kí n lè dúró, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n lè wálé."

"Sà, kí ni wọn yóò ṣe fún yín?"

"Wọn yóò gbé èmi náà sórí àga, wọn yóò bi mí ní ìbéèrè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn lára ògiri yẹn kí n tó dáhùn." Ó fi ọwọ́ ti bọ́tìnnì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí o bá padà wá, bẹ olùwọ̀n tó bá wà níbí kí ó jẹ́ kí o kí ènìyàn kí o tó jókòó. Èmi náà á kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n bá ní kí n kọ."

Àrìnpé gbàgbé ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. "Ìṣubú!" ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ké. "Ìṣubú! Ìṣubú!"

Gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáré wọlé. Wọ́n bá obìnrin kan lórí eékún, wọ́n bá olùwọ̀n tó ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọ́ tí ògiri ń sọ pé òfo, òfo. Kúyè wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "ṣé ìyẹn ni pé a lè kí ara wa báyìí?"

Ṣọ̀bándé ní, "Ẹ kí ara yín jàre."

Áà, ẹ bá wà níbẹ̀! Wọ́n kí ara wọn bí ẹni tó ti ìrìn àjò ọdún mẹ́wàá dé. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ara bàbá ti yá bí? Kúyè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ṣọ̀bándé, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n. A ò rójú rí yín láti ọjọ́ yìí," ẹ̀gbà tirẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí ké ìṣubú. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn adóòlà dé pẹ̀lú ibùsùn wọn, wọn ò rí ẹni tí wọn yóò gbé.

Kí Àrìnpé tó lọ, Ṣọ̀bándé pè é padà. Ó rán an níṣẹ́. Ó ní kí ó tún un sọ fún òun kí ó tó lọ, ó sì tún un sọ, ọ̀rọ̀ kan ò yingin.

Lójú ọ̀nà, ó dúró nísàlẹ̀ òrùlé Baba Jìnádù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba."

Baba Jìnádù ò wolẹ̀. "Ta nìyẹn? Àlejò ni àbí?"

"Èmi ni, Baba. Àrìnpé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Irú ohùn yìí, mo ti gbọ́ ọ rí níbì kan," ni Baba wí, ó sì ju aṣọ tó fi ń nu pátákó sílẹ̀. "Ta ló ń bínú? Ṣé wọ́n jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, sà."

"Ọlọ́run ṣeun. Bá mi kí ìyá rẹ o."

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní níbi tí ó fi í sí. Àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé o bá mi kí i?"

"Mo bá yín kí i, Màmá."

"Kí ló wí?"

Àrìnpé jókòó sílẹ̀ tì í. "Ó ní kí n kí ìyá tó kọ́ Mosún. Ó ní àwọ̀n aláwọ̀ ewé tí Mosún ń dì lọ́wọ́ kí ó tó kú, ó wà lọ́wọ́ òun, gbogbo ìlú tí òun ń lọ ni òun ń gbé e kiri. Kò tíì parí. Okùn kan tó já lára rẹ̀ ló so mọ́ ọwọ́. Ó ní bí ẹ bá gbà fún òun, òun yóò jẹ́ kí ọkọ̀ ìjọba máa lọ, òun yóò wá lọ́sàn-án yìí, kí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ han òun. Ó ní ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ ìyá dúró. Ó mú àtẹ́lẹwọ́ Àrìnpé, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Gbogbo ‘ó ní ẹ ṣé’ tí o ti ń gbé wálé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo mọ̀ pé ìwọ lo sọ wọ́n."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yéé rán ọ."

Ó ká àwọ̀n náà kúrò, ó fi ọwọ́ gbá eruku orí ẹní, ó sì sún sẹ́yìn kí àyè lè gba ẹnì kan sí i.